Ife òfìfo: kí ló dé tí òṣèré inú fíìmù kì í ṣe nǹkan bí èèyàn gidi?

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Kí ló dé tí òṣèré inú fíìmù kì í ṣe nǹkan kéékèèké bí àwa yòókù ṣe ń ṣe é? Ẹni tó ń wakọ̀ á máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan. Ẹni tó lálàá burúkú á ta jí, á jókòó ṣánṣán, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tínú ń bí á fọwọ́ gbá gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì dànù. Ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà á máa gbá a bí ẹni ń lùlù. Ẹni tí wọ́n pè lórí fóònù á máa tún gbogbo ohun tí ẹni kejì ń sọ sọ, tó bá sì parí, á gé e láìdágbére. Èdè yòówù kí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, bákan náà ló rí. Kí ni gbogbo àbùmọ́ yìí wà fún? Ṣé wọn ò mọ báwọn èèyàn ṣe ń ṣe ni, àbí wọ́n rò pé àwa tó ń wòran ò lóye?

* * *

Wọ́n mọ̀ o. Òṣèré tí ẹ ń wò yẹn mu omi láàárọ̀ kó tó jáde nílé, bí ẹ̀yin náà ṣe ń mu ún ló ṣe mu ún. Ibi iṣẹ́ ló dé tí nǹkan fi yí padà, ohun tó yí i padà gan-an ló yẹ ká wò.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣeré lórí ìtàgé. Nígbà tí mo bọ́ sídìí fíìmù, mi ò dúró níwájú kámẹ́rà mọ́, èmi ni mò ń tọ́jú ohun tí òṣèré máa fọwọ́ mú: ife, lẹ́tà, àpótí, kọ́kọ́rọ́, fóònù. Ọwọ́ òṣèré ni mò ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tí mo sì rí ni pé òfìfo ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àbùmọ́ yẹn. Ife tó gbé dẹ́nu, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àpótí tó ń wọ́ lọ, kò sí aṣọ níbẹ̀. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sí níbì kankan. Ọkọ̀ tó ń wà, ọkọ̀ mìíràn ló gbé e.

Ẹ lè ní kí ló dé tí a kì í kúkú bu omi sí ife. Ìran kan ṣoṣo la lè yà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí omi bá wà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá to fíìmù pọ̀ tán, ife á kún, á fà, á tún kún láàárín gbólóhùn kan. Omi lè dà sáṣọ, aṣọ náà sì lè má ní ìkejì. Nítorí náà, ẹni tó ń kánjú á sọ fún mi pé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Ta ló máa mọ̀?”

Ẹ wá bu omi kún ife nísinsìnyí, kí ẹ gbé e dẹ́nu, kí ẹ sì wo ara yín. Ìka á kọ́kọ́ fún ife mọ́ra kí apá tó gbé e. Ọrùn ọwọ́ á le díẹ̀. Ojú á wo etí omi lẹ́ẹ̀kan. Bí ife bá kù díẹ̀ kó dẹ́nu, ètè á jáde lọ pàdé rẹ̀. Ẹ dà á nù, kí ẹ gbé ife òfìfo. Apá á fò sókè, á dúró lójijì, ojú ò ní wo ibì kankan, ètè á kàn dúró síbi tó wà. Òṣèré máa ń mọ̀ lára pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Ló bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan dí i: á gbé itọ́ mì gbọ̀ngbọ̀n, á mí kanlẹ̀, á ní “áà!”, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu tí kò tutù. Ohun tí ẹ ń pè ní àbùmọ́ nìyẹn. Ẹ̀san ohun tí kò sí ló ń san.

* * *

Ẹnì kan dá mi lóhùn pé ìtàgé ló kó bá wọn. Ó ní àtìgbà àwọn Gíríìkì àtijọ́ lòṣèré ti ní láti ṣe nǹkan ńláńlá kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè rí i, pé àṣà yẹn ni wọ́n gbé wọ inú fíìmù aláìlóhùn, tó sì kù sí wọn lára títí dòní.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Apá ibì kan nínú rẹ̀ tọ̀nà. Ibi ìwòran Epidaurus ní Gíríìsì gba nǹkan bí 14,000 èèyàn, àwọn òṣèré sì ń lo ìbòjú. Ta ni yóò rí ìpéǹpéjú tó ṣẹ́ láti orí òkúta tó kẹ́yìn? Mo ṣe é rí, mo mọ bó ṣe rí: lórí ìtàgé, tí o bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o rí lẹ́tà nílẹ̀, orí rẹ á yí, àyà rẹ á yí tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn lo tó máa bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo Buster Keaton, òṣèré fíìmù aláìlóhùn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní 1895, òṣèré ìtàgé làwọn òbí rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti ń bá wọn ṣeré. Tó bá jẹ́ pé ìtàgé ló ń ba ara jẹ́, tirẹ̀ ló yẹ kó bà jẹ́ jù. Òun náà lojú rẹ̀ dákẹ́ jù nínú gbogbo fíìmù aláìlóhùn, débi tí wọ́n fi ń pè é ní Olójú Òkúta. Ara rẹ̀ ń ṣubú, ń fò, ń sáré, ojú rẹ̀ ò sì sọ nǹkan kan ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sì ti bá àwọn ọ̀dọ́ tí kò gun ìtàgé rí láyé wọn ṣiṣẹ́, àwọn gan-an ló ń fi ife òfìfo ṣe “áà!” jù.

Nǹkan mìíràn tún wà tí wọ́n máa ń dá fíìmù àtijọ́ lẹ́bi rẹ̀ láìmọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò kọjá àwòrán 16 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn tí ohùn wọ inú fíìmù, láti 1927 síwájú, 24 ni wọ́n dúró sí. Tí wọ́n bá fi ìyára 24 gbé fíìmù tí wọ́n yà ní 16 jáde, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ á máa ta pọ́ún pọ́ún bí ẹni tí èèrà ń jẹ. Kì í ṣe òṣèré ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ṣe é.

* * *

Ẹni tó ń di kámẹ́rà mú ló fèsì tẹ̀ lé èyí. Ó ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ òṣèré nìkan, pé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ìṣe tí kì í ṣe ti ojoojúmọ́.

Mo fara mọ́ ọn pátápátá, ibí ni mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń bínú sí òṣèré dúró sí díẹ̀. Tí èèyàn bá dìde lórí àga bó ṣe ń dìde nílé, orí rẹ̀ á ti jáde lójú àwòrán kí ayàwòrán tó gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé e. Mo wà níbi tí ọkùnrin kan ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Àgbà òṣèré ni, kò sì ṣe àṣìṣe kankan, ó kàn ń dìde bí èèyàn ni. Ní ìkẹsàn-án, ayàwòrán bẹ̀ ẹ́ pé: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ara síwájú ná, kí ẹ sinmi, kí ẹ tó wá dìde.” Ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fíìmù jáde, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ọkùnrin yìí ń dìde bí ọba, pé àṣejù ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí.

Bákan náà ni lẹ́tà. Nílé, itan la máa ń gbé e lé tá a bá ń kà á. Nínú fíìmù, tí wọ́n bá fẹ́ rí lẹ́tà àti ojú pọ̀, ó gbọ́dọ̀ gòkè wá síbi àyà, nígbà mìíràn síbi àgbọ̀n. Àwọn méjì tó ń jà máa ń sún mọ́ra débi pé imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, nítorí pé ojú àwòrán kéré, tí wọ́n bá dúró bí àwọn tó ń jà ṣe ń dúró, ògiri ló máa gba àárín. Ẹ́dítọ̀ náà ní tirẹ̀: ibi tí ara bá ti ń yí ni ó ti ń gé láti àwòrán kan bọ́ sí òmíràn, kí ojú má baà rí ojú ibi tó gé. Nítorí náà ó fẹ́ kí ìyípadà yẹn hàn. Òṣèré tó bá yí orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀ kò fún un ní ibi tó lè gé.

Irú èyí ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn forí jì. Iṣẹ́ ni.

* * *

Olùbéèrè tún kọ ọ́ pé: “Mo gbọ́ ti kámẹ́rà. Sítíárìn ńkọ́? Fóònù ńkọ́? Kò sí kámẹ́rà tó ní kí wọ́n yí sítíárìn bí ẹni ń fọ aṣọ.”

Òótọ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan ni wọ́n gbé ọkọ̀ yẹn lé, ẹlòmíràn ló ń wa ọkọ̀ pẹlẹbẹ náà. Tàbí kí ọkọ̀ náà má kúrò lójú kan rárá, kí ojú ọ̀nà tó ń sá lọ jẹ́ àwòrán tí wọ́n tàn sẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn wọ́pọ̀ láti nǹkan bí 1930 sókè, lónìí, ògiri tó ń tan àwòrán bíi tẹlifíṣọ̀n ńlá ni wọ́n ń lò fún un. Bó ti wù kó rí, sítíárìn náà ò so mọ́ nǹkan kan. Sítíárìn ọkọ̀ tó ń lọ máa ń ti ọwọ́ padà. Òkúta kékeré á gbọ̀n ọ́n, títì á fà á, ọwọ́ awakọ̀ á máa dá a lóhùn níwọ̀nba. Tí kò bá sí ohun tó ń ti ọwọ́, òṣèré á rò pé tóun bá di ọwọ́ mú jẹ́ẹ́, ọkọ̀ á dàbí èyí tó dúró. Ló bá ń yí i. Mo mọ olùdarí kan tó ní kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí kámẹ́rà ò lè rí i, kó máa fa sítíárìn díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ òṣèré náà balẹ̀. Ojú rẹ̀ pàápàá yí padà, ó wá ń wo ọ̀nà.

Ti fóònù, ẹ má bá òṣèré wí. Ẹni tó kọ eré ló jẹ̀bi. Ó fẹ́ kí a mọ ohun tí ẹni tí a kò gbọ́ ń sọ, ó sì rò pé ọ̀nà tó yá jù ni kí a tún un sọ: “Kí lo wí? O ní wọ́n ti ta ilé náà?” Èèyàn tó gbọ́ pé wọ́n ti ta ilé rẹ̀ á dákẹ́. Mo ti rí i tí wọ́n fi ẹnì kan sẹ́yìn ògiri kó máa ka ọ̀rọ̀ ẹni kejì sétí òṣèré, kó lè ní ohun gidi tó ń gbọ́. Àìdágbére sì rèé, àkókò ni wọ́n ń dá sí. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ó ń bí yín nínú.

* * *

Kí n tó gbàgbé, kọ̀ǹpútà tó ń dún bí ìlù yẹn, òṣèré kọ́ ló ń dún. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ya fíìmù tán ni àwọn kan máa ń jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí wọ́n á máa ṣe ìró ẹsẹ̀, ìró aṣọ, ìró ìlẹ̀kùn, kí wọ́n fi lé àwòrán. Jack Foley tó ṣiṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà nígbà tí ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fíìmù ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ iṣẹ́ náà. Idà tí wọ́n fà yọ nínú àkọ̀ awọ tó ń ró “ṣíín”, ọwọ́ wọn ló ti wá, nítorí irin tó ń jáde nínú awọ kì í dún bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè tẹ kọ̀ǹpútà jẹ́jẹ́ kó wá rí ara rẹ̀ nínú fíìmù bí ẹni tó ń bá a jà.

* * *

Ẹnì kan wá bínú sí mi. Ó ní èmi tí mò ń wo ọwọ́ láti àárọ̀ nìkan ló lè rí irú nǹkan báyìí, pé òǹwòran ìtàn ni ó ń tẹ̀ lé, kò sẹ́ni tó ń wọn ìwúwo ife.

Mi ò gbà rárá. Òǹwòran lè má mọ orúkọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n ó rí i. Ní 1973, Gunnar Johansson, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Sweden, gbé àlàyé iṣẹ́ kan jáde: ó so iná wínníwínní mọ́ oríkèé ara èèyàn, ó sì yà wọ́n nínú òkùnkùn. Iná mẹ́wàá àti díẹ̀ péré ló hàn, kò sí ojú, kò sí apá. Kíá làwọn tó wò ó mọ̀ pé èèyàn ló ń rìn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Runeson àti Frykholm, ní Sweden kan náà, lo irú ọgbọ́n yìí fún àwọn tó ń gbé àpótí. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn díbọ́n pé àpótí wúwo ju bó ṣe wúwo lọ. Àwọn tó ń wò kò rí àpótí dáadáa, wọn ò rí ojú ẹni tó gbé e, síbẹ̀ wọ́n mọ ìwọ̀n tí àpótí wúwo, wọ́n tún mọ ìwọ̀n tí ẹni náà fẹ́ kí wọ́n rò pé ó wúwo.

Ẹ tún un kà. Méjèèjì ni wọ́n rí, òótọ́ àti ẹ̀tàn, pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lára iná bíntín. Ohun tí olùbéèrè wa rí nìyẹn tó fi kọ ìbéèrè rẹ̀. Nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé “Ta ló máa mọ̀?”, èsì mi ni pé gbogbo ẹni tó bá ti gbé ife rí.

* * *

Ẹlòmíràn ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká kúkú ya èèyàn gidi níbi tó ti ń ṣe nǹkan tirẹ̀, ká má pe òṣèré mọ́. Ó tún fi kún un pé àṣejù, baba àṣetẹ́.

Wọ́n ti dán an wò. Max Fleischer gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1917 fún ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ kí ayàwòrán kàtúùnù fi bébà lé fíìmù èèyàn gidi, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí. Àwọn tó lo ọ̀nà yìí lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, àwòrán náà máa ń gan, kì í ní ẹ̀mí. Wọ́n ní láti fa ibi tó tẹ̀ kó tẹ̀ sí i, kí ibi tó nà nà sí i, kó tó dàbí ẹni tó wà láàyè. Nítorí náà mi ò kórìíra àbùmọ́. Mo kórìíra èyí tí kò ní ohun tó bù mọ́. Ẹni tó gbé ife tó kún, tó wá mú ìṣọ́ra rẹ̀ tóbi díẹ̀ kí a lè rí i, ó bù mọ́ ohun tó wà nílẹ̀. Ẹni tó gbé òfìfo kò ní ohun tó máa bù mọ́.

Zeami, ọ̀gá eré ìtàgé tí wọ́n ń pè ní Nō ní Japan ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé tí ọkàn bá ṣe nǹkan dé ìwọ̀n mẹ́wàá, kí ara ṣe é dé méje. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò sọ pé kí a dín ọkàn kù. Èyí tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni ọkàn méjì, ara mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

* * *

Olùbéèrè ní kí n sọ ọ̀kan tí mo fojú ara mi rí tó yí padà.

Ọmọbìnrin kan ń fi ilé ọkọ sílẹ̀ nínú ìran náà, àpótí kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àpótí òfìfo ni. Ó tẹ ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń mí túpetúpe, ó ń fi ọwọ́ kejì gbá afẹ́fẹ́. Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Olùdarí ń sọ pé “dín in kù”, bó ṣe ń dín in kù, àpótí ń fúyẹ́ sí i. Mo gba àyè, mo gbé àpótí sẹ́yìn, mo kó ìwé àlòkù sínú rẹ̀, kílò méjìlá. Mi ò sọ fún un.

Ó gbé e, ó sì tiraka kí ó tó kúrò nílẹ̀. Kò ráyè ṣe bí ẹni tó ń jìyà mọ́. Ó rìn tẹsẹ̀ mẹ́ta, ó gbé e kalẹ̀, ó pààrọ̀ ọwọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, àpótí gbá férémù ìlẹ̀kùn, ó sì yíjú wo ibi tó gbá, bí ẹni tó ń wò ó bóyá òun ba ọ̀dà ilé náà jẹ́, ilé tó ń fi sílẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn fún un. Ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú ń sunkún.

Mo jẹ̀bi níbi kan, mo sì gbà á. Wọ́n tún un yà láti ìhà mìíràn lẹ́ẹ̀meje sí i, lálẹ́ ọjọ́ náà kò lè gbé apá sókè. Mo yẹ kí n ti sọ fún un, mo sì yẹ kí n ti dín ìwé kù lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà, kílò márùn-ún ni mo máa ń fi sí i, mo sì máa ń jẹ́ kí òṣèré gbé e wò kí a tó bẹ̀rẹ̀.

* * *

Olùbéèrè kọ̀wé padà lálẹ́ àná pé òun ti gbé ife dẹ́nu níwájú dígí, àkọ́kọ́ lófìfo, ìkejì pẹ̀lú omi tó kún dé etí, pé èyí tó kún gan-an tún dàbí àbùmọ́ lójú òun.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí. Tó bá kún dé etí, ìbẹ̀rù ìdànù ló máa gba gbogbo ojú yín, òùngbẹ ò ní hàn. Ẹ bu ú dé ìdajì.